Ẹrù ìmòòkùn tí kò wúwo: Leeds sí Abẹ́òkúta, Abẹ́òkúta sí Zanzibar

Ọmọ Ìbarà, Leeds:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Lísàbí. Mo ń bọ̀ nílé fún ìgbéyàwó. Láti ibẹ̀ màá gba Èkó lọ sí Zanzibar láti lọ mòòkùn, lẹ́yìn náà màá padà sí Abẹ́òkúta kí n tó máa bọ̀ ní UK. Manchester sí Èkó kò ní wàhálà, àpótí méjì ni wọ́n fún mi, 23 kg ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti Zanzibar ló le: àpótí kan péré, àpò ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ ju 7 kg lọ. Ohun èlò ìmòòkùn mi pẹ̀lú àpótí tí mo kó o sí ti tó 19 kg, kò tíì sí aṣọ níbẹ̀. Kí ni kí n yọ?

Ọmọ Òwu, Dubai:
Àbúrò, kọ́kọ́ gbé òṣùwọ̀n jáde ná, èyí tó ní ìkọ́ tí wọ́n fi ń wọn àpótí. Wọn nǹkan kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tó bá ti gbẹ, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi mẹ́ta ni ìwúwo yẹn sábà máa ń fara pamọ́ sí: BCD (ẹ̀wù tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kó lè gbé wa léfòó), fin (èyí tí a ń wọ̀ sẹ́sẹ̀ láti fi wẹ̀), àti àpótí fúnra rẹ̀.

Sílíńdà afẹ́fẹ́ àti òjé tó ń múni rì, má dá wọn lábàá rárá. AL80, ìyẹn sílíńdà àlùmíníọ̀mù tí ọ̀pọ̀ ilé ìmòòkùn ń lò, tó 14 kg lófìfo, bàálù kò sì ní gbà á àfi tó bá ṣófo pátápátá, wọ́n tún lè ní kí o tú fáàfù rẹ̀. Ilé ìmòòkùn ní méjèèjì, owó tí o bá san sábà máa ń kó wọn pọ̀.

BCD tí wọ́n ń lò nílé ẹ̀kọ́ ìmòòkùn, tó ní pákó ike líle lẹ́yìn àti àpò òjé ńláńlá, máa ń tó 4 kg. Ti ìrìnàjò, tí kò ní pákó, tí ìdè rẹ̀ jẹ́ ike dípò irin, wà láàárín 2 sí 2.5 kg. Fin tí a ń wọ bàtà rọ́bà sí, òun àti bàtà rẹ̀, lè tó 3 kg. Èyí tó bo ẹsẹ̀ láìsí bàtà ń lọ bíi 1.5 kg. Àpótí líle ńlá, 4.5 kg. Báàgì rírọ̀ oníkẹ̀kẹ́, 2 kg. Wò ó, ó ju 5 kg lọ tí o ti yọ láì tíì fọwọ́ kan rẹ́gúlétọ̀, ìyẹn èyí tí a fi ń mí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà.

Ọmọ Òkè-Ọnà, Rotterdam:
Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n lórí gbogbo rẹ̀ àfi fin. Ní Zanzibar, pàápàá ní ìlà oòrùn erékùṣù yẹn, òkun máa ń fà sẹ́yìn gan-an. Èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn jìnnà nínú omi tí kò kọjá orúnkún kó tó débi ọkọ̀, òkúta iyùn wà ńlẹ̀, ẹranko omi ẹlẹ́gùn-ún dúdú yẹn náà wà ńlẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán kọ́ la fi ń rin ibẹ̀.

Ohun tó dáa ni kí o mú fin aláìníbàtà yẹn, kí o fi ìbọ̀sẹ̀ rọ́bà 2 mm sí i kó má bàa bó ọ lẹ́sẹ̀, kí sálúbàtà tí o fẹ́ wọ̀ kiri ìlú sì jẹ́ onídè tí omi kò lè bà jẹ́. Òun lo máa fi rìn dé ọkọ̀. Ṣùgbọ́n dán fin àti ìbọ̀sẹ̀ wò pọ̀ nílé. Tó bá fún jù, ẹsẹ̀ á kú, iṣan á sì máa fà ọ́ lábẹ́ omi.

Omi ibẹ̀ wà láàárín 25 sí 29°C. Wetsuit (aṣọ rọ́bà ìmòòkùn) 3 mm tó bo gbogbo ara ti tó. Fi 5 mm sílẹ̀, torí ó wúwo sí i, ó pẹ́ kó tó gbẹ, òjé tó sì ń béèrè pọ̀ ju ti 3 mm lọ.

Ẹni tó bá ń lo BCD onípátákó náà gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí. Pátákó irin ń lọ bíi 2.5 kg, ti àlùmíníọ̀mù kò tó 1 kg. Pààrọ̀ rẹ̀, ó dáa. Àmọ́ 1.5 kg tí o yọ nínú ẹrù, inú omi lo ti máa dá a padà: fi kún òjé tí o máa gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá gbàgbé, ìparí ìmòòkùn ló máa ń yé e. AL80 máa ń fúyẹ́ bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe ń tán, títí á fi fẹ́ máa léfòó. Ní mítà 5 níbi tó ti yẹ kí o dúró fún ìṣẹ́jú 3, ńṣe ni wàá máa gòkè láì fẹ́ gòkè.

Ọmọ Gbágùrá, Houston:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti rẹ́gúlétọ̀. Àpò ọwọ́ ló ń gbé, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Òun la fi ń mí. Ó ń lọ bíi 2 sí 3 kg pẹ̀lú gbogbo họ́ọ̀sì rẹ̀, ó ṣì máa ku 4 kg fún ọ.

Kíká rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe dáadáa. Ìdérí tó ń bo ibi tó ń wọ sílíńdà, nù ún kó gbẹ, kí o tó dè é mọ́ ọn. Omi tó bá ti ibẹ̀ wọlé, àsẹ́ inú ló ń lọ bá, àwọ̀ ewé ló máa fi hù síbẹ̀. Gbé orí rẹ̀, ìyẹn irin tó ń so mọ́ sílíńdà, sí àárín àpò, kí o wá yí àwọn họ́ọ̀sì ká a ní òrùka tó fẹ̀ tó 25 cm. Wo ibi tí họ́ọ̀sì ti jáde lára irin dáadáa. Kò gbọdọ̀ tẹ̀ níbẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti ń là, ìlà tín-ín-rín ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá ní ìbòrí rọ́bà, fà á sẹ́yìn kí o wo abẹ́ rẹ̀ kí o tó rìnrìn àjò, má dúró dìgbà tí o bá dé etí òkun. Họ́ọ̀sì tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù hun bò fúyẹ́ ju ti rọ́bà, ó sì rọ̀ láti ká.

Tí tìrẹ bá jẹ́ DIN, èyí tí a ń yí wọnú fáàfù, ó fúyẹ́ ju yoke tó ní àjàgà irin lọ. Kọ̀wé sí ilé ìmòòkùn ṣáájú, bi wọ́n pé irú fáàfù wo ló wà lórí sílíńdà wọn. Àwọn fáàfù kan ń gba méjèèjì, wọ́n á kàn fi kọ́kọ́rọ́ oníhà mẹ́fà tú èdìdì àárín rẹ̀. Tí wọ́n bá ní yoke nìkan ni, mú ádápítọ̀ tìrẹ dání.

Níbi ẹ̀rọ àyẹ̀wò, yọ àpò rẹ́gúlétọ̀ jáde, gbé e sínú àwo lọ́tọ̀. Irin àti họ́ọ̀sì tó lọ́ mọ́ra wọn máa ń da àwọn tó ń wo ẹ̀rọ láàmú, wọ́n á sì tú gbogbo àpò rẹ palẹ̀. Ọ̀bẹ ìmòòkùn, kódà èyí tó kúrú jù, àti gbogbo irinṣẹ́, inú ẹrù abẹ́ bàálù ni kó wà.

Ọmọ Ìbarà, Leeds:
Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Tọ́ọ̀ṣì mi ń lo bátìrì 21700 kan, 5,000 mAh, mo sì ní àfikún kan. Ibo ni wọ́n ń lọ?

Ọmọ Gbágùrá, Houston:
Àpò ọwọ́. Ìṣirò rẹ̀ rèé: 3.6 V lọ́nà 5 Ah (ìyẹn 5,000 mAh) jẹ́ 18 Wh, ìwọ̀n agbára tó wà nínú bátìrì. Ohun tí kò bá kọjá 100 Wh kò nílò àṣẹ. Láti 100 sí 160 Wh, bi iléeṣẹ́ bàálù kọ́kọ́, àfikún méjì péré ni wọ́n sì ń gbà. Ó bá ju 160 lọ, fi sílẹ̀ nílé. Bátìrì àfikún kò gbọdọ̀ sí nínú ẹrù abẹ́ bàálù láéláé. Fi téèpù bo orí àti ìdí rẹ̀, tàbí kí o kó o sínú ike tirẹ̀.

Èyí tó wà nínú tọ́ọ̀ṣì, yọ ọ́. Omi ló ń mú kí tọ́ọ̀ṣì ìmòòkùn tutù. Tó bá ṣèèṣì tàn nínú àpò, ó lè gbóná débi pé aṣọ á jó. Tí tọ́ọ̀ṣì yẹn bá jẹ́ ti oníná ńlá, sọ fún iléeṣẹ́ bàálù kí o tó dé ibẹ̀.

Ẹni tó bá ní ilé kámẹ́rà omi, ẹ yọ O-ring rẹ̀ (òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé) kí ẹ tó wọ bàálù. Afẹ́fẹ́ inú bàálù lè dà bíi ti orí òkè tó ga tó mítà 2,400. Ti inú ilé kámẹ́rà á yọ jáde díẹ̀, tí ẹ bá wá balẹ̀, ìdérí rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn gbágbá.

Ọmọ Òwu, Dubai:
Ó ku títò. Wọn fin kí o tó ra báàgì, báàgì gbọ́dọ̀ gùn jù ú lọ. Fin tó bá tẹ̀ lórí nínú báàgì kúkúrú, tí ẹrù wà lórí rẹ̀ nínú ooru, ó lè má nà mọ́. To fin sí ẹ̀gbẹ́ báàgì lọ́tùn-ún lósì, wọ́n á di ògiri fún ohun tó kù. Ihò ẹsẹ̀ wọn kò gbọdọ̀ ṣófo: ìbọ̀sẹ̀ rọ́bà wọ ọ̀kan, ike kékeré ohun àtúnṣe wọ èkejì. Nínú ike yẹn, O-ring mẹ́ta, ẹnu rọ́bà kan tí a ń bù jẹ, zip tie mẹ́rin, okùn máàsìkì kan. Gbogbo rẹ̀ kò tó 200 g, ó sì lè gba odindi ọjọ́ kan là. BCD á sùn ní ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀. Wetsuit, ká a róbótó, má pa á pọ̀ pelebe, torí ibi tó bá ṣẹ́ máa ń fẹ́lẹ́, òtútù á sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Máàsìkì wà nínú ike líle, ó ń bá rẹ́gúlétọ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà ìmòòkùn, ọwọ́ rẹ ni kó wà.

Nígbà tí o bá ń bọ̀ láti Zanzibar, omi ni yóò fẹ́ pa ọ́ lára lórí òṣùwọ̀n. Inú BCD kì í ṣófo bí a ṣe rò. Fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, dojú rẹ̀ kodò, fa fáàfù ìsàlẹ̀, kí o fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí omi á fi tán. Tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lítà omi kan, kílò kan ni. Wetsuit tó tutù náà lè fi kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún ẹrù rẹ.

Ọmọ Aké, Abẹ́òkúta:
Ilé ni mo wà, ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé kún un. Tí o bá dé, má fi ẹrù ìmòòkùn sẹ́yìn mọ́tò nínú oòrùn nígbà tí o bá ń lọ kí àwọn ará Kútọ̀ àti Aké. Gbé e sínú yàrá. Tó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, di rẹ́gúlétọ̀ sínú àpò tó ní síìpù, torí eruku pupa wa yìí ń wọ ibi gbogbo.

Lẹ́yìn Zanzibar, rẹ gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ ńlá pẹ̀lú omi tó mọ́. Omi kànga tó bá ní ẹrẹ̀, jẹ́ kó tòrò kí o tó dà á. Rẹ́gúlétọ̀ ń wọ omi pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ lórí, o kò sì gbọdọ̀ tẹ bọ́tìnì ẹnu rẹ̀ níbẹ̀, torí bí o bá tẹ̀ ẹ́, omi á gba inú họ́ọ̀sì lọ sí orí. Wetsuit, ibòji ni kí o sá a sí, lórí hángà tó fẹ̀ léjìká. Má tẹ́ ẹ sórí páànù tàbí wáyà. Oòrùn á gbẹ ẹ́ kíákíá lóòótọ́, á sì sọ rọ́bà rẹ̀ di gbígan.

Ẹrù ilé ńkọ́? Irú àti ẹja gbígbẹ kò gbọdọ̀ bá wetsuit sùn nínú àpótí kan, òórùn yẹn kì í jáde bọ̀rọ̀. Làfún náà, bí ọ̀rá rẹ̀ bá bẹ́, ìyẹ̀fun á wọ ẹnu rẹ́gúlétọ̀. O ní àpótí méjì lọ sí Manchester, yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọmọ Ìbarà, Leeds:
Ó ti wà lọ́kàn mi láti fi àdìrẹ di BCD, kí n lè fi àyè pamọ́.

Ọmọ Aké, Abẹ́òkúta:
Ó ṣe é fi dì, tí BCD bá gbẹ dénú. Àdìrẹ tuntun láti Ìtòkú tí a kò tíì fọ̀, aró rẹ̀ á pa ohunkóhun tó bá tutù lára, okùn BCD aláwọ̀ eérú ni yóò kọ́kọ́ mu ún. Fi aṣọ àtijọ́ sáàárín wọn. Tó bá sì jẹ́ ọkọ̀ ojú irin lo máa wọ̀ láti ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká lọ sí Èkó, rántí pé kò dé pápákọ̀ òfurufú, o ṣì máa gbé báàgì yẹn wọ mọ́tò.

Ọmọ Òkè-Ọnà, Rotterdam:
Nǹkan méjì tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Tanzania ti fòfin de àpò ọ̀rá láti oṣù kẹfà 2019, Zanzibar náà kò gbà á. Gbogbo ọ̀rá tí a fi ń di nǹkan tútù nílé, má kó o wọ ibẹ̀. Ra àpò tí omi kò lè wọ̀, ti lítà 20, wetsuit tútù á wọ̀ ọ́. Káàdì yẹ́lò rẹ náà, torí Nàìjíríà lo ti ń bọ̀, wọ́n á bi ọ́.

Bí o bá fẹ́ gba ibẹ̀ lọ sí Pemba tàbí Mafia nínú bàálù kékeré, 15 kg ni wọ́n sábà máa ń fúnni, báàgì rírọ̀ ni wọ́n sì ń fẹ́. Fi àwọn aṣọ ìgbéyàwó sí Abẹ́òkúta.

Ọmọ Gbágùrá, Houston:
Ọjọ́ tó kẹ́yìn, má mòòkùn. Ẹni tó bá ti ń mòòkùn lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán wákàtí 18 sáàárín ìmòòkùn ìkẹyìn àti bàálù. DAN, àjọ tó ń rí sí ààbò àwọn amòòkùn, ló là á kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wákàtí 24 dáa jù. Nitrogen, ìyẹn gáàsì tí ara fà mu lábẹ́ omi, èyí tó kù lára lè hó bí agbára afẹ́fẹ́ bá lọ sílẹ̀ lókè. Àsìkò yẹn gan-an ni kí o fi ṣan ẹrù rẹ, kí o sá a, kó gbẹ.

Ọmọ Òwu, Dubai:
Kí o tó ti síìpù báàgì, ya fọ́tò gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí báàgì bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn ní pápákọ̀ kí o tó jáde. Lábẹ́ àdéhùn Montreal, tó wà fún ìrìnàjò bàálù láàárín orílẹ̀-èdè, ọjọ́ 7 péré lo ní láti fi ìwé fẹ̀sùn kàn wọ́n lórí ẹrù tó bàjẹ́, ọjọ́ 21 fún èyí tó pẹ́ kó tó dé ọwọ́ rẹ. Tọ́jú rìsíìtì BCD àti fin sínú fóònù.