Orúkọ jẹ́ tèmi, sáfà ni mo háyà

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe nítòsí Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún mi ló sì ń gbé Èkó tàbí òkè òkun, tí wọ́n máa ń fẹ́ rí àwòrán ìgbéyàwó àti ìsìnkú tí mo ti yà kí wọ́n tó san àsansílẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ló jẹ́ kí n gbà pé ẹni tó bá ni orúkọ tí wọ́n fi ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó lè tì í síta.

Bọ̀ọ̀dá kan tí a jọ kọ́ṣẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Oǹdó, jí lọ́jọ́ kan, ó rí i pé àwọn tó ni ìkànnì tó ń lò ti ti ojú ewé tó ń gbé gbogbo àwòrán rẹ̀ sí pa. Wọ́n ní kó fi káàdì ìdánimọ̀ ránṣẹ́. Ó fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ ló sì ń dá a lóhùn títí tó fi sú u. Ó dùn mí gan-an, nítorí àwòrán àwọn òbí tó ti di olóògbé wà níbẹ̀. Irú rẹ̀ kì í ṣe tuntun: ní 2009 ni Yahoo pa GeoCities, ibi tí àwọn ènìyàn ti ń kọ́ ojú ewé tiwọn, ní Amẹ́ríkà, tòun ti àwọn ojú ewé tó wà níbẹ̀.

Ní tèmi, mo ra orúkọ wẹ́ẹ̀bù tó parí sí .com.ng, èyí tó wà lábẹ́ àbójútó NiRA, àjọ tó ń bójú tó orúkọ wẹ́ẹ̀bù Nàìjíríà, mo sì ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tí wẹ́ẹ̀bù ń gbé lórí rẹ̀, ni mo háyà, nítorí pẹ̀lú iná mànàmáná tiwa, n kò lè gbé e sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí sáfà náà dákú, tí àwọn tó ni ín kò gbé ìpè mi, mo mú ẹ̀dà iṣẹ́ mi láti inú háàdì díìsìkì, mo gbé e sọ́dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn, mo sì lọ sí ibi tí mo ti ra orúkọ láti yí nameserver, ìyẹn ohun tó ń tọ́ka sí ibi tí a ti lè rí àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù, padà. Oníbàárà mi kan pè láti Lọ́ńdọ̀nù pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ó ti ṣí lọ́dọ̀ mi, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní Àkúrẹ́ ò tíì rí nǹkan kan." Mo ṣàlàyé fún wọn pé àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan máa ń tọ́jú àdírẹ́sì àtijọ́ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gba tuntun. Nígbà tó yá, ó ṣí fún ẹ̀gbọ́n wọn náà.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé kó bá yín kọ́ wẹ́ẹ̀bù, ẹ béèrè orúkọ àti ímeèlì ẹni tó fi ra orúkọ náà. Bí ó bá jẹ́ tirẹ̀, tó sì rìnrìn àjò tàbí tí ìjà dé, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Kí ímeèlì tí ẹ óò lò má sì jẹ́ èyí tó wà lórí orúkọ kan náà, nítorí ọjọ́ tí orúkọ yẹn bá kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìránnilétí owó ọdún kò ní rí ibi wọlé sí.