Kí ló dé tí wọ́n fi ń ta ọkọ̀ oníbátìrì fún obìnrin ní nǹkan bí 1910?

Àǹtí Àdùkẹ́, Akúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ wa rí àwòrán Detroit Electric ti Amẹ́ríkà, wọ́n ní ọkọ̀ obìnrin ni. Kí ló sọ ọ́ di ti obìnrin? Ṣé ẹ́ńjìnì rẹ̀ ló yàtọ̀ ni?

Bàbá Pílọ́ọ̀gì, Oǹdó:
Àǹtí, kò ní ẹ́ńjìnì rárá. Bátìrì àti mọ́tò iná ló fi ń rìn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ọkọ̀ bẹntiróòlù ìgbà náà kò ní sítátà. Irin ni wọ́n ń kì bọ iwájú rẹ̀ kí wọ́n tó yí i, bí wọ́n ṣe ń yí ẹ̀rọ ìlọta lọ́jà.

Ti Ford Model T, ọkọ̀ bẹntiróòlù ìgbà náà, rèé. Ẹ fa búréèkì ọwọ́ sẹ́yìn pátápátá kí ó lè wà ní fíríì. Ọ̀pá kékeré apá òsì sitiárìn ló ń sún àsìkò iná pílọ́ọ̀gì. Ẹ gbé e sókè kí iná má tètè ṣá. Ti apá ọ̀tún ni epo, ẹ rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ fa ṣóòkì, ẹ yí irin díẹ̀ láìtíì tan iná, kí epo wọlé. Ẹ wá tan iná, ẹ fi ọwọ́ òsì fa irin sókè. Ẹ má tì í wálẹ̀ o! Àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìka yòókù.

Bí ẹ bá gbàgbé ọ̀pá òsì yẹn nísàlẹ̀, epo á jó kí písítìn tó gòkè tán, irin á ta padà, ọrùn ọwọ́ á kán. Kò mọ ọkùnrin, kò mọ obìnrin. Ọkọ̀ oníbátìrì kò ní irin yíyí yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tà á fún obìnrin.

Rẹ̀wáyà Akúrẹ́:
Ẹ ṣeun, Bàbá. Detroit Electric ní tirẹ̀, ọ̀pá méjì péré ni: ọ̀kan fún yíyà, ìkejì fún eré. Kò sí kílọ́ọ̀ṣì. Wọ́n tilẹ̀ ń fi ìkòkò òdòdó kékeré sínú rẹ̀. Eré rẹ̀ kò ju nǹkan bí 32 km ní wákàtí kan lọ. Wọ́n polówó rẹ̀ pé á rin bí 128 km kí iná tó tán. Clara, ìyàwó Henry Ford gan-an, ti 1914 ló ń wà!

Bátìrì ni wàhálà rẹ̀. Olójé ni, àfi tí ẹ bá fowó lé e fún ti Edison láti 1911. Bí omi bátìrì bá gbẹ tàbí tí ẹ fi í sílẹ̀ láìní iná, nǹkan funfun á bo àwo òjé, kò ní gba iná dáadáa mọ́.

Ọmọ Ẹkímọ̀gún:
Ohun tó ba ọjà ọkọ̀ oníbátìrì jẹ́ ni sítátà oníná tí Charles Kettering ṣe, tí Cadillac fi sí ọkọ̀ 1912. Nígbà tí kò sí irin yíyí mọ́, ta ni yóò tún san owó gọbọi fún ọkọ̀ tí kò lè sáré?

Ẹ fi Dodge La Femme ti 1955, ọkọ̀ bẹntiróòlù tí wọ́n ṣe fún obìnrin, han àwọn ọmọ náà pẹ̀lú. Ọ̀dà píńkì àti funfun, báàgì àti agbòòrùn tó bá a mu, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì Dodge yòókù náà ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ti 1956, wọn kò ṣe é mọ́.