Owó ìwádìí òfurufú tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké: ǹjẹ́ ó kan àwa tí a wà ní Ẹ̀pẹ́?

Ọmọ Pópó Ọba:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ̀pẹ́ ni mo ń gbé. Àwa mẹ́ta tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni a pawọ́ pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀, a sì ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Dróònù alápá, irú èyí tó rí bí ọkọ̀ òfurufú gan-an, ni à ń ṣe, nítorí pé a fẹ́ kí ó lè pẹ́ lókè láti máa wo ojú ọ̀sà, kí àwọn apẹja àti àwọn oníbọ́ọ̀tù tó ń ná ọjà Olúwo lè mọ ibi tí ewéko tó ń léfòó ti dí ọ̀nà omi. Ara dróònù náà kò tíì fúyẹ́ tó, bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ tán, owó tí a fi ń dán an wò sì ti ń gbẹ lọ́wọ́ wa.

Mo kà á pé NASA, àjọ ojú sánmà Amẹ́ríkà, ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní SBIR, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké lówó láti ṣe ìwádìí lórí ọkọ̀ òfurufú àti ohun tó ń lọ sójú sánmà, tí wọn kì í sì í béèrè pé kí wọ́n dá a padà. Ǹjẹ́ ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ẹ̀pẹ́ lè kọ̀wé fún un? Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ni ó wà nínú ètò náà tí a lè béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba tiwa?

Alàgbà Ayétòrò:

Àbúrò, o kú ìsapá. Ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ kò gùn: rárá. Òfin tó dá ètò náà sílẹ̀, èyí tí Ààrẹ Reagan fọwọ́ sí ní 1982, wà fún ilé-iṣẹ́ tó fìdí kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó ju ìdajì rẹ̀ lọ jẹ́ ti ọmọ onílùú tàbí ti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé, tí àpapọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju 500 lọ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí náà.

Ìbéèrè kejì ni ó yẹ kí a jókòó tì, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé owó àánú ni. Òfin ló ń mú un jáde. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn èyíkéyìí tí owó ìwádìí tó ń gbé fún àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ju 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ ya ìdá 3.2 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké. Mọ́kànlá ni àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn, NASA sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí ọ̀gá tó wà lórí oyè kò bá tilẹ̀ fẹ́ràn àwọn oníṣẹ́ kékeré, kò lè da owó náà síbòmíràn. Àwọn aṣòfin nìkan, tí wọ́n ń sọ òfin náà dọ̀tun láti ìgbà dé ìgbà, ni wọ́n láṣẹ lórí rẹ̀.

NASA ni ó máa ń kọ́kọ́ tẹ́ ìṣòro tirẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé rí. Ilé-iṣẹ́ yóò mú ọ̀kan nínú wọn, yóò sì kọ àbá lé e lórí. Ní ìpele kìíní, nínú àwọn ìkéde ọdún àìpẹ́ yìí, owó náà lè tó 150,000 dọ́là fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n lè fi mọ̀ bóyá ohun náà ṣeé ṣe rárá. Ẹni tó bá yege lè gba tó 850,000 dọ́là ní ìpele kejì, yóò sì fi nǹkan bí ọdún méjì ṣe ẹ̀rọ tí ènìyàn lè fojú rí. Ní ìpele kẹta, owó ètò náà ti parí. Oníbàárà ni yóò máa sanwó, ìjọba fúnra rẹ̀ sì lè jẹ́ oníbàárà náà.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti Creare, ilé-iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ New Hampshire. Lára awò ńlá Hubble tó ń yí ayé po, irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ NICMOS, tí kò lè ríran àyàfi tó bá tutù rinrin. Náítírójìn dídì ni wọ́n fi ń mú un tutù, ṣùgbọ́n ó tán ní 1999, kí àkókò tí wọ́n dá fún un tó pé, irinṣẹ́ náà sì dákẹ́. Creare ti ń fi owó ètò yìí ṣe ìwádìí lórí ẹ̀rọ kékeré tó ń mú nǹkan tutù láìgbọ̀n jìgìjìgì, nítorí pé ohun tó bá ń gbọ̀n yóò ba àwòrán jẹ́. Ní 2002 àwọn arìnrìn-àjò ojú sánmà gbé ẹ̀rọ náà lọ sókè, wọ́n fi sára Hubble, NICMOS sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ríran. Kí ìṣòro yẹn tó dé ni wọ́n ti ná owó sórí ojútùú rẹ̀.

Apẹja Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì:

Ẹ ṣeun, Alàgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní ẹ̀gbọ́n tó ti di ọmọ onílùú ní Houston, kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n náà kò fi ní forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, kí iṣẹ́ máa lọ ní Ẹ̀pẹ́ níbí?

Alàgbà Ayétòrò:

Jìbìtì ni ìyẹn, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣáájú ìwádìí gbọ́dọ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà gan-an, tí iṣẹ́ ibẹ̀ sì jẹ́ olórí iṣẹ́ rẹ̀. Ó kéré tán, ìdá méjì nínú mẹ́ta iṣẹ́ ìpele kìíní àti ìdajì ti ìpele kejì ni ilé-iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ètò àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní STTR gba ilé-iṣẹ́ láyè láti bá yunifásítì ṣe é pọ̀, kí ilé-iṣẹ́ ṣe ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán, kí yunifásítì ṣe ìdá 30 ó kéré tán, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà náà ni yunifásítì ọ̀hún gbọ́dọ̀ wà. Yàtọ̀ sí èyí, òfin wọn lórí gbígbé ìmọ̀ òfurufú jáde kúrò nílùú le gan-an. Bí ẹ̀gbọ́n Houston bá jẹ́ onímọ̀, kí ó ṣe tirẹ̀.

Olùkọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀rọ:

Ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ ohun tó wà lẹ́yìnkùlé wa. NASRDA, àjọ ojú sánmà tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1999, ní ibùdó kan ní Ẹ̀pẹ́ níbí tí iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì àti ohun tó ń tì í lọ sókè. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó náà kò sí níbòmíràn. Kì í ṣe pé a kò ní ọmọ tó mọṣẹ́: sátẹ́láìtì NigeriaSat-X, tí wọ́n gbé lọ sókè ní oṣù kẹjọ 2011, àwọn ẹnjinníà wa ni wọ́n tò ó nígbà tí wọ́n ń gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n, inú iṣẹ́ ìjọba ni ìmọ̀ náà sì padà sí. Kò sí ọ̀nà tí oníṣẹ́ kékeré kan ní Ẹ̀pẹ́ fi lè mọ̀ pé àjọ náà nílò nǹkan báyìí, kí òun lọ ṣe é.

Alàgbà, ìbí yìí ni èmi àti ẹ̀yin ti yàtọ̀. Ẹ̀yin gbé òfin ìdá 3.2 síwájú. Bí a bá ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ lónìí, láìsí àkójọ ìṣòro tí gbogbo ènìyàn lè kà, àwọn tó mọ ọ̀gá ni yóò pín owó náà tán. Àkójọ ìṣòro ni kí a kọ́kọ́ béèrè, kò tilẹ̀ ná ìjọba ní ohun kan.

Ìwọ, ọmọ Pópó Ọba, kọ lẹ́tà sí ibùdó náà, má tọrọ owó. Béèrè ìṣòro kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ kí ẹlòmíràn bá wọn dán wò, bóyá lórí ohun èlò tó fúyẹ́, nítorí ìṣòro tìrẹ náà nìyẹn. Lẹ́tà lè sùn lórí tábìlì o. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ tẹ̀ lé e. Owó ìwádìí ti TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga lówó, àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ló ń lọ bá, nítorí náà wá olùkọ́ kan tí ẹ óò jọ kọ̀wé. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní LASRIC, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn olùwádìí àti àwọn tó ń dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ lówó. Kí o tó tún fò ó lórí ọ̀sà, gba àṣẹ lọ́dọ̀ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú ní Nàìjíríà, àti lọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò.

Ọmọ Pópó Ọba:

Ẹ ṣé gan-an, ìyá wa. Bí a bá bá olùkọ́ ṣe é pọ̀, ta ni yóò ni àbájáde rẹ̀?

Alàgbà Ayétòrò:

Lọ́hùn-ún, ìjọba kì í gba ìpín kankan nínú ilé-iṣẹ́ náà, àkọsílẹ̀ ìwádìí rẹ̀ sì wà lábẹ́ ààbò fún ogún ọdún: ìjọba lè lò ó fún iṣẹ́ tirẹ̀, kò lè fi í han ẹni tí ẹ jọ ń tajà. Níbí, ìwé àdéhùn ni yóò dáàbò bò yín. Kí kọ́bọ̀ kankan tó wọlé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú agbẹjọ́rò ẹni tó ni àwòrán dróònù náà, ẹni tó ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí rẹ̀, àti ẹni tó lè tà á bí ọ̀kan nínú ẹ̀yin mẹ́ta bá fi Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀. Ìyá wa, mo gbà fún yín lórí àkójọ ìṣòro, ṣùgbọ́n láìsí òfin, ẹni tó gbé e jáde lónìí lè gbé e pamọ́ lọ́la.