Sáìtì wa ń sọ pé "ó ń ṣiṣẹ́", àwọn èèyàn ṣì ń ra ohun tí kò bá a mu. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Olùtọ́jú_Sáìtì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Èmi ni mò ń tọ́jú sáìtì fún firmware ọ̀fẹ́ kan (ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ) tó ń fi ESP32, chip kọ̀ǹpútà kékeré kan, wọn ojú ọjọ́. A kọ ọ́ gàdàgbà sínú tábìlì kan: ESP32, ó ń ṣiṣẹ́, BME280 (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru, ọ̀rinrin àti ìfúnpá afẹ́fẹ́), ó ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá bú wa pé owó àwọn ti wọgbó. Wọn kì í kàwé! Mo fi àwọ̀ ewé àti pupa sí tábìlì náà, mo sọ lẹ́tà rẹ̀ di ńlá, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀.

Ṣadé_Wáyà: ESP32 wo? Irú rẹ̀ pọ̀: S2 kò ní Bluetooth rárá. C3 ní in, àmọ́ BLE (Bluetooth tí kì í jẹ iná púpọ̀) nìkan. Chip kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀.

Bàbá_Sọ́dà: Àwọn tó ń rajà náà jẹ̀bi. Wọ́n lè ta BMP280 fún èèyàn ní orúkọ BME280, bẹ́ẹ̀ BMP kì í wọn ọ̀rinrin. Kí wọ́n ka register 0xD0, ibi tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ sẹ́ńsọ̀ náà wà: bó bá jẹ́ 0x60, BME ni, 0x58, BMP ni.

Ṣadé_Wáyà: Ẹ̀gbọ́n, ta ló lè ka register kó tó sanwó? Sáìtì ló yẹ kó kìlọ̀ fún un.

Olùtọ́jú_Sáìtì: Ìkìlọ̀ yẹn wà nínú ìwé ìtọ́sọ́nà wa. HC-SR04, sẹ́ńsọ̀ onírò tí wọ́n fi ń wọn omi inú táńkì, ló tún kù. A kọ ọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní ó ba bọ́ọ̀dù àwọn jẹ́.

Ọmọ_Ẹ̀rọ: Torí pé 5V ló ń jáde ní Echo, píìnì tí sẹ́ńsọ̀ náà fi ń dáhùn, 3.3V sì ni ESP32 ń fẹ́. Ẹ fi resistor méjì dín in kù: 1kΩ láti Echo sí píìnì ESP32, 2kΩ láti píìnì yẹn sí ground. "Ó ń ṣiṣẹ́" lásán kò tó. Mẹ́rin ni kí ẹ ní: ó ṣiṣẹ́; ó ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ṣe báyìí; kò ṣiṣẹ́; a kò tíì dán an wò. Ẹ má fi àyè kankan sílẹ̀ lófìfo, wọn á kà á sí bẹ́ẹ̀ni. Sẹ́ńsọ̀ analog náà ńkọ́? Lórí ESP32 àkọ́kọ́, Wi-Fi máa ń gba ADC2 (ọ̀kan nínú ẹ̀ka méjì tó ń sọ iná analog di nọ́ńbà) mọ́ ọn lọ́wọ́, kò ní lè ka nǹkan kan. ADC1 ni kí wọ́n lò, ìyẹn píìnì GPIO 32 sí 39.

Bàbá_Sọ́dà: Ẹ kàn ṣe àpótí ìwákiri sí i.

Olùtọ́jú_Sáìtì: Kò lè ṣiṣẹ́. Àwòrán PNG ni tábìlì náà. Spreadsheet orí kọ̀ǹpútà mi ni mo ti ń yọ ọ́, torí tábìlì HTML máa ń já wálẹ̀ játijàti lórí fóònù.

Ọmọ_Ẹ̀rọ: Ẹ̀hẹ̀n! Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Kò sẹ́ni tó lè wá nǹkan nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe yàtọ̀ sí yín. Ẹ kó o sínú fáìlì YAML (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán) nínú repo, àpótí kan náà tí kóòdù wà: chip, ipò rẹ̀, version tí ẹ fi dán an wò kẹ́yìn, ọjọ́, àlàyé. Ẹ fi sí fódà data, Hugo, ètò tó ń kọ́ sáìtì, á fi ṣe tábìlì. Kí CI (ètò tó ń yẹ àtúnṣe wò fúnra rẹ̀) kọ̀ pull request, ìyẹn àtúnṣe tí ẹnì kan fi ránṣẹ́, bí àyè kan bá ṣófo nínú rẹ̀. Fún fóònù, ẹ fi òfin CSS overflow-x: auto sára àpótí tó yí tábìlì ká, kí wọ́n lè fà á sí ẹ̀gbẹ́. Bí version tuntun bá jáde, ẹ má kàn yí nọ́ńbà padà bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì dán an wò.

Ṣadé_Wáyà: Kí ẹni tó bá mú ẹjọ́ wá lẹ ohun tí esptool, ètò tí wọ́n fi ń kó firmware sínú chip, kọ mọ́ ọn, ó máa ń dárúkọ chip gan-an.

Olùtọ́jú_Sáìtì: Ó dáa. Màá bẹ̀rẹ̀ láti orí BME280 àti HC-SR04. Àmọ́ mi ò ní yọ àwọ̀ ewé àti pupa mi o.

Ṣadé_Wáyà: Ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Àwọn kan wà tí ojú wọn kì í ya àwọ̀ méjèèjì yẹn sọ́tọ̀.