Apárí ni sturgeon, kì í ṣe aláìléegun

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Mo rí àbá tí ọ̀kan nínú yín mú wá, pé kí a máa pe sturgeon àti paddlefish, ẹja ilẹ̀ òkèèrè méjì tó bára tan, ní "ẹja aláìléegun", nítorí eegun rírọ̀ ló pọ̀ jù nínú ara wọn. Mo fara mọ́ "eegun rírọ̀". Ohun tí à ń rún lẹ́nu ní orí eegun itan adìẹ ni, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. "Aláìléegun" ni n kò gbà.

Ọmọ tuntun tí irun rẹ̀ kò tíì hù kò nírun, bàbá tí orí rẹ̀ ti pá náà kò nírun, ṣùgbọ́n bàbá nìkan là ń pè lápárí. Apárí ni sturgeon. Eegun líle ni àwọn babańlá rẹ̀ ní. Ìran rẹ̀ ló ń pàdánù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Eegun náà kò sì tán lára rẹ̀. Ìlà ìpẹ́ eegun márùn-ún ló tò sí i lára: ọ̀kan lórí ẹ̀yìn, méjì ní ẹ̀gbẹ́, méjì nísàlẹ̀ ikùn. Lára sturgeon tó ṣì kéré, ìpẹ́ náà mú débi pé ó lè gé ènìyàn lọ́wọ́. Eegun pẹlẹbẹ ló bo agbárí rẹ̀. Inú lọ́hùn-ún ni nǹkan ti rọ̀: níbi tí ẹja àrọ̀ ti ní eegun ẹ̀yìn olóríkèé, ọ̀pá rírọ̀ kan ṣoṣo ni tirẹ̀, láti agbárí títí dé ìrù. Ara paddlefish ń dán ní tirẹ̀, kò ní ìlà ìpẹ́, àmọ́ eegun wẹ́wẹ́ tó rí bí ìràwọ̀ kún inú imú rẹ̀ gígùn.

Ìrísí ló tan Walbaum, onímọ̀ ẹ̀dá ará Jámánì, ní 1792 tó fi pe paddlefish ní Squalus, orúkọ àkurákudà, ẹja tí egungun ara rẹ̀ jẹ́ eegun rírọ̀. Bẹ́ẹ̀ àrọ̀ tí à ń sè lọ́bẹ̀ bá a tan ju àkurákudà lọ. Àṣìṣe yẹn ni "aláìléegun" fẹ́ gbé padà wá.

Fún sturgeon, mo dábàá "ẹja oníìpẹ́-eegun". Fún paddlefish ti odò Mississippi ní Amẹ́ríkà, "onímú-àjẹ̀", torí imú rẹ̀ rí bí àjẹ̀ tí a fi ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọn yóò kà á sí àjẹ́, kó fi àmì ohùn sí i. Ti odò Yangtze ní Ṣáínà, tí wọ́n kéde ní 2022 pé ó ti parun, imú tirẹ̀ rí bí idà. "Onímú-idà" ló tọ́ sí i, ó dùn mí pé ẹyọ kan kò kù láti jẹ́ ẹ.

Ó ku orúkọ ìdílé. Ìbátan àwọn méjèèjì kò tíì já: ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Họ́ngárì ròyìn ọmọ tí ẹyin sturgeon Rọ́ṣíà àti àtọ̀ paddlefish Amẹ́ríkà bí, láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Àmì kan wà tí àwọn méjèèjì jọ ní: eegun àgbọ̀n wọn ti òkè kò so mọ́ agbárí, ọ̀tún àti òsì rẹ̀ ló pàdé níwájú. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a ti mú orúkọ náà. Ta ló ní ọ̀rọ̀ tó kúrú fún un?