Ìyá ọkọ mi ń wá ìyàwó fún ọkọ mi, ẹ gbà mí

Ẹ̀yin àǹtí mi, mi ò mọ ẹni tí mo lè ké sí mọ́. Pune ni mo wà, ọdún kẹfà rèé. Ilé ìwé ló gbé mi wá sí Íńdíà, ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọkọ mi. Ìfẹ́ ló mú wa, kò sí alárenà. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn ni ìyá rẹ̀ ti ń sọ pé irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ẹbí àwọn. Kì í jẹ ohun tí mo bá sè. Irú tí màmá mi fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, ó ní nǹkan kú sínú ilé, ó lọ dà á nù. Mo kọ́ èdè Marathi nítorí rẹ̀, mo ń wọ sari, pàbó. Wọ́n ní mi ò ní kundli tí wọ́n máa fi wo ìràwọ̀ èmi àti ọmọ wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí fọ́tò ọkọ mi lórí ìkànnì tí wọ́n ti ń wá ìyàwó, pẹ̀lú ẹ̀yà ìdílé wọn àti owó oṣù rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbéyàwó rí! Ọkọ mi ní kí n ṣe sùúrù, pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń dààmú ìyá òun. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ara wọn sílẹ̀ níbí?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ìyá ọkọ tèmi, Ìjẹ̀bú ni, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́ta torí pé ọmọ Ìlọrin ni mí. Ìgbà tí mo bí ìbejì ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ṣe sùúrù.

Ọmọ Èkó: Ta ló bá ọ ṣe ìwádìí? Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu, ẹ ní ìfẹ́. Ìgbéyàwó táwọn òbí bá ṣètò kì í tú ní Íńdíà.

Àdùkẹ́ Mumbai: Àǹtí, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Nínú ìkànìyàn 2011, àwọn tó kàn pínyà láì dé kọ́ọ̀tù ju ìlọ́po méjì àwọn tó kọ ara wọn sílẹ̀ lọ. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí wọ́n lọ. Ìwọ tó béèrè, tí ẹ bá jọ gbà, ẹ ní láti kọ́kọ́ gbé lọ́tọ̀ fún ọdún 1, kọ́ọ̀tù á tún fún yín ní oṣù 6 kẹ́ ẹ lọ rò ó.

Ọmọ Èkó: Mo ṣáà sọ tèmi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kì í gbọ́ràn.

Ìyá Tọ́mi: Òfin wo lẹ fi gbéyàwó? Ìwé ìgbéyàwó dà?

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá mi. Ọkọ mi kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Kò gbé ọwọ́ lé mi rí, òun ló ń san owó ilé ìwé mi.

Ìyá Tọ́mi: Ìwé ni mo béèrè.

Olùbéèrè: Tẹ́ḿpìlì la lọ, mà. Ó so mangalsutra, ẹ̀gbà ọrùn ìyàwó wọn, mọ́ mi lọ́rùn, a yí iná po. Ó ní tá a bá lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n máa lẹ orúkọ wa mọ́ ògiri fún ọjọ́ 30, ìyá òun á gbọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ṣì ń lọ ní tèmi.

Àdùkẹ́ Mumbai: Ha! Mo fa ọ̀rọ̀ mi padà.

Ìyá Tọ́mi: Ọmọ mi, kò sí ohun tí kọ́ọ̀tù fẹ́ tú ká. Òfin ìgbéyàwó Hindu ti 1955, ẹni méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹlẹ́sìn Hindu. Kọ́ọ̀tù tó ga jù wọn sọ ọ́ ní 2008. Ẹlẹ́sìn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Special Marriage Act ti 1954 ni tiwọn, ọjọ́ 30 yẹn gan-an, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí mẹ́ta. Wọ́n á béèrè ìwé lọ́wọ́ àṣojú ìjọba wa ní New Delhi pé o ò lọ́kọ. Ohun tí wọ́n kọ sórí ìkànnì yẹn kì í ṣe irọ́ o. Lójú òfin, ọkọ rẹ kò tíì gbéyàwó. Ní kó bá ọ lọ sí ọ́fíìsì ní Mọ́ńdè.

Ìyá Ìbejì: Àní kó ṣáà ṣe sùúrù.

Olùbéèrè: Mo ti bi í. Ó ní kí ọdún òrìṣà wọn, Ganesh, kọjá ná.

Ìyá Tọ́mi: Físà ọmọ ilé ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ, ó ku mélòó?

Olùbéèrè: Ọ̀sẹ̀ méje, mà.