Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ kí ampilifáyà Bàbá máa tàn, kó sì máa kú pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n

Ọmọ Àsẹ́rò
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú ẹgbẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Bàbá mi ń gbé ní Àsẹ́rò, nínú Abẹ́òkúta níbí. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, etí wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Ohùn tẹlifíṣọ̀n nìkan ò tó wọn, la ṣe so ó mọ́ ampilifáyà wọn àtijọ́ àti sípíkà onígi méjì tó wà ní pálọ̀. Ampilifáyà yìí ò ní rìmóòtù. Swíìṣì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí èèyàn ń tẹ̀ wọlé kó tó tàn, ìsàlẹ̀ káàbínẹ́ẹ̀tì ló sì wà. Orúnkún Bàbá ò gba ìbẹ̀rẹ̀ mọ́.

Tí oorun bá ń kùn wọ́n lálẹ́, wọ́n á fi rìmóòtù pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á wọlé lọ sùn. Ampilifáyà á wà ní títàn mọ́jú. Tí n bá dé ibẹ̀ láàárọ̀, orí rẹ̀ á ti gbóná débi pé ológbò ilé ti sọ ọ́ di ibùsùn. Tí iná bá wá lọ lóru, orí ínfátà ló ń wà, bátìrì ò sì ní í bá ilẹ̀ mọ́. Fáànù Bàbá á kú, ooru á jí wọn.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án rárá: kí tẹlifíṣọ̀n tàn, kó tàn, kí tẹlifíṣọ̀n kú, kó kú. Ṣé ó ṣeé ṣe láìra ampilifáyà tuntun? Bàbá fẹ́ràn èyí gan-an ni.

Ìyá Ìbarà
Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ ò ṣe ra sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní tíímà? Ẹ ó yí i sí aago mẹ́wàá alẹ́, á pa á fúnra rẹ̀.

Tísà Kútọ̀
Mà, tíímà oníyìípo yẹn, iná ló ń yí i. Tí iná bá lọ, tí bátìrì ínfátà náà sì tán fún wákàtí mẹ́ta, òun náà á dúró fún wákàtí mẹ́ta. Ká tó rí ọjọ́ mélòó kan sí i, ọ̀sán gangan lá máa pa ampilifáyà. Kò bá ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ mu.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní kí ẹ ra ẹ̀rọ tó máa ń tàn bó bá gbóhùn. Ó dára fún orin. Àmọ́ tí wọ́n bá ń wo ìsìn, tí wọ́n wá gbàdúrà jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀rọ náà á rò pé kò sẹ́nì kankan mọ́, á pa á.

Oníwáyà Lafẹ́nwá
Àbúrò, Ọlọ́run á jẹ́ kí Bàbá pẹ́ fún yín. Ó ṣeé ṣe, kò sì wọ́n.

Ẹ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà, ẹ ó rí ojú USB tí à ń ki fláàṣì bọ̀. Iná fólítì 5 ló ń jáde níbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, bí ẹ bá ti fi rìmóòtù pa á, iná ibẹ̀ náà á kú. Iná kékeré yẹn la máa fi pàṣẹ fún relay, ìyẹn swíìṣì tí iná ń tẹ̀ dípò ọwọ́; relay á wá máa so iná ńlá tó ń lọ sí ampilifáyà, tàbí kó já a. Wáyà bàbà tó wé mọ́ irin nínú relay ló ń di mágínẹ́ẹ̀tì tó ń fa ẹnu rẹ̀, ibi tí iná ńlá ń gbà kọjá, dé, nítorí náà iná tẹlifíṣọ̀n àti iná fólítì 230 ò ní í fara kan ara wọn rárá.

Relay kékeré aláwọ̀ búlúù tó wà káàkiri máa ń fa nǹkan bíi mílíáńpíà 70. Ojú USB 2.0 lè gbé 500, ẹrù yẹn ò tó nǹkan lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n dáyódù, ẹ̀yà kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní 1N4007 ti tó. Bí iná bá já lára rẹ̀ lójijì, ó máa ń ta fólítì gíga padà, ìyẹn sì lè ba tẹlifíṣọ̀n jẹ́.

Ibi tí ẹ ti máa fara balẹ̀ nìyí. Ampilifáyà àtijọ́ tó wúwo, tiransifọ́mà ńlá ló wà nínú rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ tí iná bá wọ̀ ọ́, ó máa ń gbé iná mì lọ́nà tó ju èyí tó ń lò lọ fíìfíì. Lórí relay búlúù, wọ́n kọ áńpíà 10 sí i, àmọ́ gbígbémì yẹn lè lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Bó bá lẹ̀ báyìí, ampilifáyà ò ní í kú mọ́, ẹ ò sì ní í mọ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ áńpíà 30 sí.

Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Iná kékeré oní-USB táwọn ọmọ fi ń kàwé lóru, ẹ fi í sí ojú yẹn, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ dúró díẹ̀. Tí kò bá kú, ọ̀nà yìí ò ní í ṣiṣẹ́.

Ẹ tètè lé ológbò yẹn kúrò lórí ẹ̀ o. Ojú ihò tí ooru ń gbà jáde ló sùn lé.

Ẹ̀gbọ́n Ọbáńtokò
Ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn jẹ mí lógún. Ampilifáyà ńlá àtijọ́ lè máa jẹ wọ́ọ̀tì 40 sí 60 láì kọrin kankan. Ẹ jẹ́ ká mú 50. Bí iná bá lọ mọ́jú, láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, wákàtí mẹ́jọ, ó di wọ́ọ̀tì-wákàtí 400. Ká ní bátìrì omi ti fólítì 12, 200 Ah (áńpíà-wákàtí) ni ti Bàbá, gbogbo inú rẹ̀ jẹ́ wọ́ọ̀tì-wákàtí 2400, a ò sì gbọ́dọ̀ lò ju ìdajì lọ tí a bá fẹ́ kó pẹ́. Ẹ ti rí i pé ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí Bàbá ní lóru ló ń bá asán lọ, a ò tíì ka èyí tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ.

Tí USB yín ò bá kú, ẹ̀sìténṣọ̀n kan wà tó ní ojú ọ̀gá àti ojú ọmọ ẹ̀yìn. Ẹ ó ki tẹlifíṣọ̀n sí ojú ọ̀gá. Bó bá ń fa iná gidi, àwọn ojú yòókù á tàn. Bó bá sùn, wọ́n á kú.

Ọmọ Àsẹ́rò
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti dán iná kékeré náà wò: tẹlifíṣọ̀n kú, iná náà ṣì tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó wá kú.

Ohun kan ni mi ò sọ. Láàárọ̀, ampilifáyà yìí kan náà ni Bàbá fi ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, wọn kì í tan tẹlifíṣọ̀n. Ṣé a lè fi ojú ṣájà fóònù kan kún un, kó máa pàṣẹ fún relay náà?

Oníwáyà Lafẹ́nwá
Inú mi dùn pé ó kú. Ìdúró díẹ̀ yẹn ò ṣe nǹkan kan.

Ti rédíò, èrò yín dáa, àmọ́ ẹ má so ṣájà àti USB pọ̀ mọ́ relay kan ṣoṣo láé. Iná ṣájà á gba ẹ̀yìn wọ inú tẹlifíṣọ̀n. Relay méjì ni kí ẹ lò, kálukú pẹ̀lú ọ̀gá tirẹ̀, kí ẹnu àwọn méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: èyí tó bá dé nínú wọn, ampilifáyà á tàn. Ẹ ki ṣájà àti rédíò sára sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri kan tí ọwọ́ Bàbá tó láìdìde. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, rédíò àti ampilifáyà á jọ tàn. Bí wọ́n bá pa á, ẹ̀rọ méjèèjì á jọ kú.

Ọmọ Àsẹ́rò
Ìyẹn yé mi dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Wáyà wo la máa gé? Ṣé kí n pe oníṣẹ́ iná?

Oníwáyà Lafẹ́nwá
Ẹ pè é, iná 230 kì í ṣe ohun àfidánra. Láìfù, wáyà tó ń gbé iná wọlé, nìkan ló máa gba ẹnu relay kọjá. Nútírà (wáyà tí iná ń gbà padà) àti áàsì (wáyà ilẹ̀), kó má gé wọn. Ẹnu tó máa ń wà ní ṣíṣí tí relay bá sùn ni kó lò, wọ́n kọ NO sí i. Kó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí oníke tó ní ìdérí, kí wáyà kankan má hàn síta. Swíìṣì ampilifáyà fúnra rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.